Ère Ìbejì àti Ìtọ́jú Ọkàn Ọlọ́fọ̀ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣègùn ti ń ka ìbejì ní Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ìwádìí ọ̀kan nínú wọn, Nylander, fi hàn pé nínú 1,000 ìbímọ níbẹ̀, bíi 45 sí 50 ló ń jẹ́ ìbejì, ó ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ń rí ní Yúróòpù nígbà náà lọ. Àwọn ará ìlú ní ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ló fà á. Àwọn mìíràn ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ìlú tó bá ń bí ìbejì tó bẹ́ẹ̀ yóò máa sin ìbejì pẹ̀lú, nítorí ìbejì a máa tètè dé kí oṣù tó pé, ara wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ le bíi ti ọmọ tó dá wá. Kí ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ bá lọ?

Láyé àtijọ́, ilé babaláwo ni òbí máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, ó di ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére. Ère ìbejì kì í ga, ó máa ń tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: obìnrin tó ti yọ ọmú ni, tàbí ọkùnrin tó ti bàlágà, ó kọlà, wọ́n ṣe irun rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bíi ti àgbà, orí rẹ̀ sì tóbi ju bó ṣe yẹ ara rẹ̀ lọ. Ọmọ oṣù mẹ́ta ló kú o. Àgbà ni agbẹ́gilére gbẹ́. Lójú tèmi, ibi tí ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ náà wà nìyí. Ọjọ́ ọ̀la ni ikú gbà lọ́wọ́ ìyá yẹn: ìyàwó tí kò ní bá a gbé, ọmọ-ọmọ tí kò ní pọ̀n. Agbẹ́gilére bá a ro ọjọ́ ọ̀la náà dé òpin, ó sì fi í lé e lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ tìyá bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń wẹ Táíwò ló ń wẹ ère Kẹ́hìndé. Ó ń fi osùn pa á lára, ó ń fi ẹ̀lú tàbí búlúù kun irun rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wà kàn án lẹ́nu, ó ń tẹ́ ẹ sùn. Bí wọ́n bá rán aṣọ fún èyí tó wà láàyè, èkejì kò gbọdọ̀ wà níhòòhò. Bí èyí bá ti pẹ́ tó ogún ọdún, ojú ère a bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́: imú a tẹ́, ètè a di pẹrẹsẹ, ilà ò ní hàn mọ́. Inú kòtò irun, níbi tí kànrìnkàn kì í dé, ni ipa ọ̀bẹ agbẹ́gilére máa ń ṣẹ́kù sí, tòun ti ẹ̀lú. Àwọn olówó tó ń kó ère jọ ní òkè òkun fẹ́ràn ojú tó ti parẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa san owó gidi lé e. Ọ̀fọ̀ ìyá ẹnìkan ni wọ́n ń díyelé.

Ní 1917, Sigmund Freud kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọlọ́fọ̀ ni kó máa já ọkàn rẹ̀ kúrò lára ẹni tó lọ, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi já tán. Nígbà tó di 1996, Dennis Klass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde láti ta ko ẹ̀kọ́ yẹn: wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọlọ́fọ̀ kì í já okùn tó so wọ́n mọ́ ẹni tó lọ, ara wọn sì ń yá. Ìyá tó pọn ère ní Ìbàràpá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sáré pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Okùn tí Klass ń sọ, inú ọkàn àti ìrántí ló pọ̀ sí. Ti ère, ọwọ́, omi àti osùn ló ń dì í mú.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀rù lásán ni: wọ́n gbà pé ọkàn kan náà ni ìbejì jọ ní, bí èyí tó lọ bá bínú, yóò pe èkejì rẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ìbànújẹ́ ti dá dùbúlẹ̀ ni ẹ̀rù náà ń gbé dìde pé kó lọ gbé omi kaná. Ọmọ méjì ló fẹ́ wẹ̀.

Kì í sì í dá a ṣe. Ní Abẹ́òkúta tí kò jìnnà sí Ìbàràpá, dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé fún ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Aró ní 1954. Nígbà náà, aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá síbẹ̀. Ará ilé rẹ̀ kan ní láti bá a gbé láàárín àwọn ará abúlé, àwọn adáhunṣe sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́. Ojú kan náà ni mo fi ń wo ère ìbejì. Babaláwo dá Ifá, agbẹ́gilére gbẹ́, ìyá ń tọ́jú, àwọn ará ọjà ń ta á lọ́rẹ bó ṣe ń gbé ère jó kiri. Nígbà tí Táíwò bá dàgbà, òun náà a gba ère lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Èwo nínú wọn ni ká pè ní olùtọ́jú?

Wọ́n sábà máa ń ní ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ àti ìmàle ló pa àṣà náà. Àwọn ère kan kò jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀ tán: ọ̀pọ̀ èyí tó wá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ní tírà onígun mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ sí wọn láyà. Lẹ́yìn náà, àṣà náà kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Marilyn Houlberg kọ̀wé ní 1973 nípa ọmọláńgidi rọ́bà tí àwọn ìyá ń lò dípò igi. Ní 1978, Stephen Sprague ṣàpèjúwe bí àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún ṣe ń ya ọmọ tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan ṣoṣo, kó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ ọkùnrin tí èyí tó kù jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un kí wọ́n tó ya èkejì.

Láti 2018 ni Igbó-Ọrà ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì, aṣọ àǹkárá kan náà lọ́tùn-ún lósì, orin àti ìlù. Ìbejì tó pé méjì ni àjọ̀dún yẹn wà fún. Ìyá tí tirẹ̀ ku ọ̀kan, "ẹ dúpẹ́ èyí tó kù" ni wọ́n sábà máa ń sọ fún un, ọ̀rọ̀ tí kò fún ọwọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ kankan. Bí àlàyé mi bá tọ̀nà pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló ń wo ọlọ́fọ̀ sàn ju igi lọ, a jẹ́ pé ìyá tó tọ́jú ọmọláńgidi yóò sàn ju ìyá tó gbé fọ́tò kọ́ ògiri, ẹni tó gbé fọ́tò kọ́ yóò sì sàn ju ẹni tí wọ́n fi ìmọ̀ràn nìkan tù nínú. A lè dán èyí wò. Kò sí ibi tó rọrùn tó Igbó-Ọrà láti dán an wò, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà tó ti fọwọ́ ara wọn wẹ ère rí ló sì yẹ kí olùwádìí ti bẹ̀rẹ̀.