Prairie View: Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fásitì tó fìdí rẹmi nígbà 80 léraléra

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1989, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Fásitì Prairie View A&M ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, jáwé olúborí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998 kí wọ́n tó tún rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàrin àsìkò méjèèjì, ìgbà 80 ni wọ́n wọ pápá, ìgbà 80 náà ni wọ́n sì fìdí rẹmi. Kò tíì sí ẹgbẹ́ fásitì mìíràn nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó pàdánù léraléra tó bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe irú èyí tí Super Eagles ń gbá o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n á máa jù ú síra wọn, àwọn alátakò á sì máa gbìyànjú láti gbé wọn ṣánlẹ̀. Àmì mẹ́fà ni ẹgbẹ́ tó bá gbé e dé òpin pápá alátakò máa ń gbà.

Nígbà tí ògo wà

Ọdún 1876 ni ìjọba Texas dá Prairie View sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀dúdú, lórí ilẹ̀ oko kan tí àwọn ẹrú ti ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì múlẹ̀, àwọn fásitì ńlá ìpínlẹ̀ náà kì í gba ọmọ aláwọ̀dúdú sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Bó ti wù kí ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá tó, irú ilé ẹ̀kọ́ bíi Prairie View ló kù fún un.

Èyí ló jẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá Billy Nicks rí àwọn akọni kó jọ. Ìgbà márùn-ún ni ẹgbẹ́ rẹ̀ gba oyè àwọn fásitì aláwọ̀dúdú jákèjádò Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1953 sí 1964. Prairie View ni Otis Taylor ti lọ sí Kansas City Chiefs, tó gba Super Bowl ní 1970. Ibẹ̀ náà ni Ken Houston ti jáde, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wọ gbọ̀ngàn àwọn akọni bọ́ọ̀lù náà.

Ìlẹ̀kùn ṣí

Ní 1966, Jerry LeVias wọ pápá fún Fásitì Southern Methodist ní Dallas. Òun ni aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì Southwest, níbi tí àwọn fásitì ńlá Texas wà. Ní 1970, Julius Whittier ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àgbà Fásitì Texas.

Ohun tí àwọn aláwọ̀dúdú ti ń jà fún nìyẹn, ta ló sì lè dá ọ̀dọ́ tó gba ibẹ̀ lọ lẹ́bi? Ṣùgbọ́n Prairie View ló san owó rẹ̀. Àwọn tó dáńtọ́ jùlọ kò yà síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Ìnáwó ẹ̀ka eré ìdárayá dojú rú, fásitì náà sì dá bọ́ọ̀lù dúró ní 1990. Nígbà tí wọ́n padà ní 1991, kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún agbábọ́ọ̀lù kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ń bá figagbága nínú líìgì SWAC ń fún àwọn tiwọn.

Sáà yẹn burú. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11, àmì 48 péré ni wọ́n rí gbà, wọ́n sì gba 617 lé wọn lórí. Alabama State nìkan gbo ewúro sí wọn lójú pẹ̀lú àmì 92 sí òdo. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò fún ní kọ́bọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù tún padà wá ní ọdún tó tẹ̀lé e, àti èyí tó tẹ̀lé ìyẹn.

Àwọn onílù kò sí níbẹ̀

Ohun tó ń dá àwọn èrò lára yá ní gbogbo àsìkò náà ni ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè fásitì náà, Marching Storm. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án 1998, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn àti àwọn onílù Fásitì Southern, líìgì sì fòfin de ẹgbẹ́ méjèèjì fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26, Prairie View na Langston, fásitì aláwọ̀dúdú mìíràn, ní Oklahoma City pẹ̀lú àmì 14 sí 12. Àwọn tó fi ọdún mẹ́sàn-án lùlù fún ẹgbẹ́ tó ń pàdánù kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n borí.

Ní oṣù Kejìlá 2009, Prairie View borí Alabama A&M pẹ̀lú àmì 30 sí 24, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ líìgì SWAC. Láti 1964, nígbà ayé Nicks, wọn kò gbà á mọ́.