Máàkì Kan, Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ẹ̀tọ́ àti Yíyan Ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọba ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Múṣin

Ní ọdún 2013, nígbà tí máàkì ìgbàwọlé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀ jáde, ariwo ta. Ọmọ Anambra gbọ́dọ̀ gba 139, ọmọ Èkó 133. Ní ti Zamfara, 4 péré ni ti ọmọkùnrin, 2 ni ti ọmọbìnrin. Agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó. Lọ́dún 2014, Adájọ́ John Tsoho dájọ́ pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ tako abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà, tó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀.

Ìdájọ́ náà tọ́. Síbẹ̀, àríyànjiyàn tó gbé wa débẹ̀ kò kan ìdí ọ̀rọ̀. Ààlà ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ la tẹjú mọ́. A kò wo ti àdúgbò sí àdúgbò. Ẹ jẹ́ ká yẹ 133 ti Èkó yẹn wò. Queen's College, ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, wà ní Yábàá, ọmọ Múṣin kò sì jìnnà síbẹ̀. Ọmọ Sùúrùlérè kan wà tí olùkọ́ ń wá bá nílé nírọ̀lẹ́, tó ti yanjú ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tán. Òmíràn wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá bá ìyá rẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́ l'Ójúwòyè ní Múṣin tán ló ń ráyè ṣíwèé. Lójú ìwé, "ọmọ Èkó" ni àwọn méjèèjì, 133 kan náà sì ni wọ́n ń lé.

Àwọn kan á ní ìdánwò kì í ṣojúsàájú. Lóòótọ́, kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí òbí rẹ̀ lówó olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí Lateef Jákàńdè di gómìnà Èkó ní October 1979, ó bá àwọn ọmọ tí apá kan wọn ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀, tí apá kejì ń lọ lọ́sàn-án. Ó fòpin sí i, ó sì kọ́ kíláàsì rẹpẹtẹ. Àwọn ẹlẹ́gàn fi wọ́n wé ilé adìyẹ, ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó sínú wọn kò san owó ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1980, ìjọba rẹ̀ fẹ́ fòpin sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Olúbùnmi Okogie àtàwọn mìíràn pẹjọ́, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn sì dá wọn láre. Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn pẹ̀lú. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kí ó fi owó sápò ẹni tó fẹ́ lo ẹ̀tọ́ àtiyan ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni.

Ní 2001, ìjọba Bọ́lá Tinúbú ní Èkó dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan padà fún àwọn tó ni wọ́n. Igbobi College, tí ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932, wà lára wọn. N kò bá ìjọ du ohun ìní wọn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, àga tí ọmọ ẹni tí kò lówó lè nàka sí ní Yábàá dín kù, nítorí owó ti wọ̀ ọ́.

Àwọn òbí kò sì dúró de ìjọba. James Tooley, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gẹ̀ẹ́sì, bá ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni pàdé láàárín àwọn apẹja Mákòkò. Nígbà tí wọ́n ka ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n rí 12,098. Tooley rí i bí agbára òbí láti yàn. Èmi rí ìyá tó ń fi èrè ẹja ra ohun tí òfin UBE (ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ní kí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Lọ́dún 1997, ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹni tó bá wà lára ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó mókè jù nílé-ẹ̀kọ́ girama tirẹ̀ yóò rí àyè ní yunifásítì ìjọba. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó sí kíláàsì kan náà ni wọ́n fi ọmọ wé. Èkó lè ṣe é nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tirẹ̀. Nínú àwọn ẹkùn tí ìpínlẹ̀ náà pín ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí, Yábàá àti Sùúrùlérè wà ní Education District IV, Múṣin ní VI. Kí wọ́n ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú àga àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí gbogbo ènìyàn ń du, fún àwọn tó mókè jù ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní district náà. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ìlà tó pín IV níyà sí VI dí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rìn dé òdìkejì lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé èyí kò ní tún òrùlé tó ń jò ṣe, kò sì ní mú olùkọ́ wá síbi tí olùkọ́ kò sí. Iṣẹ́ yẹn ṣì wà lọ́rùn ìjọba. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹfà lónìí kò lè dúró dè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń pín àga l'Álausá, ní ọ́fíìsì ìjọba Èkó, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní September tó ń bọ̀.