Lindane Nínú Oko Kòkó àti Lórí Ọmọdé: Ìtàn Oògùn Kan àti Ewu Rẹ̀

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan náà, oògùn, ni Yorùbá fi ń pe ohun tí ń wo aláìsàn àti ohun tí àgbẹ̀ ń fín sí igi láti pa kòkòrò. Ní ti kẹ́míkà tí ń jẹ́ lindane, ìlò ọ̀rọ̀ yìí bá ìtàn mu. Ohun tí àgbẹ̀ ń fín sí kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà náà ni dókítà ń kọ fún òbí ní Amẹ́ríkà láti fi fọ orí ọmọ tí iná wà lórí rẹ̀. Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe agbára kẹ́míkà náà nìkan ni ó pinnu bí àwọn aláṣẹ ṣe wọn ewu rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un, yálà oògùn oko tàbí oògùn aláìsàn, kó ipa tí ó pọ̀ níbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ lindane

Ní ọdún 1825 ni Michael Faraday kọ́kọ́ ṣe irú kẹ́míkà yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé ó lè pa kòkòrò. Ní ọdún 1912, Teunis van der Linden, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ya àwọn ẹ̀yà tí ó wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni orúkọ lindane ti jáde. Ó di àwọn ọdún 1940 kí àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń pa kòkòrò, àti pé ẹ̀yà kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní gamma, ni ó ní agbára náà. Ẹ̀yà yìí kò ju ìdá 10 sí 15 lọ nínú ìdá 100 ohun tí ilé-iṣẹ́ ń pò jáde. Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣe lindane tọ́ọ̀nù 1, ẹ̀gbin tí yóò ṣẹ́kù lè tó tọ́ọ̀nù 6 sí 10. Irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dà sí ẹ̀bá Sabiñánigo ní ilẹ̀ Sípéènì, tí ìnira rẹ̀ kò sì tíì tán lára ilẹ̀ àti omi ibẹ̀.

Lindane nínú oko kòkó

Láti àwọn ọdún 1950 ni lindane ti wọ oko kòkó ní Nàìjíríà àti Gánà. Gammalin 20 ni orúkọ tí àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ó gbógun ti kòkòrò tí ń fa omi ara èso àti ọ̀mùnú kòkó mu, èrè rẹ̀ sì hàn sí àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1960, kòkòrò náà ti ń di èyí tí oògùn kò ràn mọ́ ní àwọn ibì kan. Bákan náà, àwọn kan ń da Gammalin sí odò láti fi pa ẹja, àwọn mìíràn sì ń gbé e mu láti pa ara wọn. Nítorí èyí, kò sí abúlé kòkó tí ó ṣe iyèméjì pé májèlé ni.

Lindane nínú ìtọ́jú aláìsàn

Ní ọdún 1951, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú iná orí àti kúrúnà. Ìdá 1 péré nínú 100 ni lindane tí ó wà nínú ìpara àti ọṣẹ ìfọrí náà, èyí sì fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀. Síbẹ̀, lindane a máa gba awọ wọnú ara, ọ̀nà tí ó sì ń gbà pa kòkòrò náà ni ó ń gbà ṣe ọpọlọ ènìyàn: ó ń dí ohun tí ń mú iṣan rọlẹ̀ lọ́wọ́, gìrì sì lè tẹ̀lé e. Ewu yìí pọ̀ jù fún ọmọdé àti ẹni tí kò wúwo. Ní ọdún 1995, àjọ náà sọ ọ́ di oògùn tí a kò gbọdọ̀ lò àfi bí àwọn mìíràn bá kùnà. Ní ọdún 2003, ó fi ìkìlọ̀ tí ó le jù lọ sí ara rẹ̀ nítorí gìrì àti ikú tí wọ́n ti ròyìn. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí jẹ́ ti àwọn tí ó lò ó ní àlòjù, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, sí ẹni tí ó lò ó bí wọ́n ti júwe.

Ẹ̀rí inú omi

Àwọn kan jiyàn pé èyí tí dókítà ń lò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oko. Omi ìdọ̀tí ìlú Los Angeles ni ó dá wọn lóhùn. Ọṣẹ tí wọ́n ṣàn kúrò lórí ọmọ ń gba ojú ìdọ̀tí lọ sí odò, àwọn tí ń tọ́jú omi náà sì ṣírò pé ohun tí aláìsàn kan lò lẹ́ẹ̀kan lè mú gálọ́ọ̀nù omi mílíọ̀nù 6 kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà. California ṣòfin ní ọdún 2000 láti fòpin sí ìlò rẹ̀ fún aláìsàn. Nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2002, lindane inú omi náà lọ sílẹ̀ gidigidi.

Ní ìpele ìjọba àpapọ̀, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà. Ní ọdún 2006, ìlò rẹ̀ lórí irúgbìn, èyí tí ó kù fún oko, dópin, ṣùgbọ́n oògùn aláìsàn ṣì wà, nítorí pé àjọ mìíràn ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Àdéhùn Stockholm fi lindane sínú àwọn kẹ́míkà tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì ní ọdún 2009, ìtọ́jú iná orí àti kúrúnà náà ni ó yọ sílẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kéde pé lindane ń fa àrùn náà.

Ìkádìí

Kì í ṣe pé àwọn dókítà kò ní ìdí. Iná orí tí oògùn mìíràn kò ràn jẹ́ ìṣòro gidi fún ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní California, àwọn oògùn mìíràn wà tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìtọ́jú ọmọdé kò sì dúró. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún òpìtàn ni pé bí ó bá tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ àjọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lindane méjì ni yóò rí, ọ̀kan nínú oko, èkejì nínú ilé ìwòsàn. Nínú odò, ọ̀kan ṣoṣo ni.