Bánjọ nínú Ogun Òjúkwu

Bí ẹnìkan bá ní Bánjọ ni òun ń jẹ́, a kì í wá ilé rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nàbánjọ, Ògúnbánjọ, Ṣóbánjọ, Adébánjọ: Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ àti Ẹ̀gbá ni orúkọ wọ̀nyí wọ́pọ̀ sí. (Kì í ṣe pé ìdílé kan náà ni gbogbo wọn o.) Ìdí nìyí tó fi máa ń ya ẹgbẹ́ wa lẹ́nu pé ọ̀gá ológun tó kó ọmọ ogun Biafra wọ Benin ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1967, tó sì kọjú sí Èkó, Bánjọ ni.

Àwọn àgbà ilé wa máa ń pè é ní ogun Òjúkwu, bí ẹni pé Ìgbò wà níhìn-ín, Yorùbá wà lọ́hùn-ún. Orúkọ yẹn bo púpọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Victor Adébùkúnọlá Bánjọ. Kò fi ilé sílẹ̀ lọ bá Biafra. Ẹ̀wọ̀n ló gbé e débẹ̀. Ìjọba Ironsi ló tì í mọ́lé ní oṣù kìíní 1966, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ìlà-oòrùn. Òjúkwu ló tú u sílẹ̀ ní 1967. Lójú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ọ̀dàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ibí yìí dáadáa.

Ta ló wà ní Ìbàdàn nígbà náà? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Adétówùn Ògúnṣẹ̀yẹ, ń kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀. Òun ló wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà. Ọ̀gá àwọn ológun ìjọba àpapọ̀ nílùú náà sì ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta, tó jáde ní Baptist Boys' High School. Ẹni tó gbé iṣẹ́ Bánjọ wá bá a ní òru ni Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta ní 1934. Ẹ wò ó: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a óò máa pè ní ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, ṣùgbọ́n 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀.

Ọbásanjọ́ kò ṣí ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ti sọ̀rọ̀ nípa ìpàdé yẹn lẹ́yìn náà, ẹnu wọn kò sì kò. Wọ́n mú Ṣóyínká ní oṣù kan náà, ó sì wà ní àtìmọ́lé títí di oṣù kẹwàá 1969.

Ọ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Bánjọ dé mọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, Biafra fúnra rẹ̀ yìnbọn pa á ní Enugu, pẹ̀lú Ifeajuna, Alale àti Agbam, pé wọ́n dìtẹ̀ sí Òjúkwu. Wálé Adémóyèga, ọmọ Òde Rẹ́mọ, tó jà ní ìhà kan náà, yè é. Ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ló bá a lẹ́yìn ogun. Ọbásanjọ́ ní tirẹ̀ gba 3 Marine Commando lọ́wọ́ Adékúnlé ní 1969, ọwọ́ rẹ̀ ni Biafra sì túúbá sí ní oṣù kìíní 1970.

Láti ẹ̀wọ̀n ni Bánjọ ti ń kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kó wọn jọ sínú ìwé kan, A Gift of Sequins.