A Ṣíwájú, B Tẹ̀lé E: Ìtàn Áljẹ́bírà Mátíríìsì

Mátíríìsì ni nọ́ḿbà tí a tò sí ìlà ìbú àti ìlà òòró. Títò nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní Ṣáínà, nínú ìwé ìṣirò Jiuzhang Suanshu tí wọ́n kó jọ nígbà ìjọba ìdílé Han, òun ni orí kẹjọ dá lé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ níbẹ̀ dá lórí ọkà: ìdì ọkà 3 tó dára jù, 2 tó wà láàárín àti 1 tí kò dára mú òṣùwọ̀n 39 wá, ìdì 2, 3 àti 1 mú 34 wá, ìdì 1, 2 àti 3 mú 26 wá. Òṣùwọ̀n mélòó ló wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan? Olùṣirò a to ọ̀pá kéékèèké sórí pátákó ní ìlà òòró mẹ́ta, a máa yọ ìlà kan lára òmíràn, títí yóò fi ku ohun kan ṣoṣo tí a kò mọ̀. Liu Hui, tó ṣàlàyé ìwé náà ní ọdún 263, sọ pé kí ọ̀pá pupa dúró fún nọ́ḿbà tó ju òdo lọ, kí dúdú sì dúró fún èyí tó dín sí òdo. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ń kọ́ lábẹ́ orúkọ Gauss, ẹni tí wọ́n bí ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà.

Síbẹ̀, kò sí ibi tí ìwé Ṣáínà náà ti fi àkójọ kan lọ́ po òmíràn. Ibi tí kò bá sì sí ìsọdipúpọ̀, kò lè sí áljẹ́bírà.

Láti inú ìfidípò ni ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì ti wá. Nínú Disquisitiones Arithmeticae tó jáde ní 1801, Gauss fi lẹ́tà tuntun méjì dípò x àti y, ó tún fi méjì mìíràn dípò àwọn tuntun náà, ó sì ṣírò ohun tí ìfidípò méjèèjì jẹ́ nígbà tí a bá pa wọ́n pọ̀. Òfin tó jáde níbẹ̀ ni pé kí a mú ìlà ìbú ti àkọ́kọ́, kí a fi lọ́ po ìlà òòró ti èkejì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì ro èsì wọn pọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bínú sí òfin yìí títí dòní, wọ́n ń béèrè ìdí tí a kò fi lè lọ́ po igun sí igun kí ó tán. Ìdáhùn ni pé iṣẹ́ ni mátíríìsì dúró fún, ìsọdipúpọ̀ méjì nínú wọn sì ni ṣíṣe iṣẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Ní 1844, Gotthold Eisenstein rí i pé a lè ro irú ìfidípò bẹ́ẹ̀ pọ̀, kí a sì lọ́ po wọn bíi nọ́ḿbà, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti ń ṣọ́ èyí tó ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ó kú ní 1852, ọmọ ọdún 29 péré.

Ṣíṣọ́ èyí tó ṣíwájú yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Títí di àsìkò yẹn, pé 3 lọ́nà 5 àti 5 lọ́nà 3 kò yàtọ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. William Rowan Hamilton ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ní gbangba. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 1843, bó ti ń rìn lẹ́bàá odò àgbẹ́ ọkọ̀ ní Dublin, ó rí i pé nọ́ḿbà ẹlẹ́ka mẹ́rin, 1, i, j àti k, ṣeé ṣe bí òun bá gbà pé ij jẹ́ k, ṣùgbọ́n pé ji jẹ́ −k. Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìlànà náà sára òkúta afárá Broom. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ ìṣirò lẹ́nu yìí kò ṣàjèjì sí aláró: ẹni tó di aṣọ kó tó rì í sínú aró, àdìrẹ ló máa ká, ẹni tó rì í kó tó dì í, aṣọ dúdú lásán ni.

Ní London, àwọn méjì tó sọ mátíríìsì di ẹ̀kọ́ kò sí ní yunifásítì kankan nígbà náà. Júù ni James Joseph Sylvester. Ó gbé ipò kejì nínú ìdánwò ìṣirò Cambridge ní 1837, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní oyè nítorí pé kò ní búra sí ẹ̀kọ́ Ìjọ Áńgílíkà. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ó sì kọ́ òfin. Arthur Cayley ní tirẹ̀ fi ọdún 14 ṣe lọ́yà ní Lincoln's Inn. Sylvester ló fún mátíríìsì lórúkọ ní 1850. Cayley ló kọ ìwé tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, èyí tí Royal Society tẹ̀ jáde ní 1858.

Cayley fi hàn pé a lè ro mátíríìsì pọ̀, a lè lọ́ po wọn, (AB)C àti A(BC) sì máa ń dọ́gba. Mátíríìsì òdo wà. Èyí tó ń ṣe iṣẹ́ 1 náà wà. Irú àkójọ báyìí ni a wá ń pè ní ríìngì, tàbí áljẹ́bírà bí a bá tún lè fi nọ́ḿbà lọ́ po ẹyọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti nọ́ḿbà. Kí A jẹ́ mátíríìsì tí ìlà ìbú rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 0, 1, tí èkejì jẹ́ 0, 0. Kí ti B jẹ́ 0, 0 àti 1, 0. AB ní 1 ní igun òkè lọ́wọ́ òsì, òdo ló kún ìyókù. BA gbé 1 náà lọ sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. AA sì jẹ́ òdo pátápátá, bẹ́ẹ̀ A fúnra rẹ̀ kì í ṣe òdo.

Cayley tún sọ pé gbogbo mátíríìsì ló ń tẹ̀ lé ìdọ́gba kan tí nọ́ḿbà inú rẹ̀ pinnu. Bí ìlà ìbú M bá jẹ́ a, b àti c, d, MM − (a+d)M + (ad−bc) yóò já sí òdo. Ó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn fún ìlà méjì, ó ní òun ti yẹ ti ìlà mẹ́ta wò, ó sì kọ̀wé pé kò pọn dandan láti jà fún ìyókù. Bóyá ìkánjú lọ́yà nìyẹn. Georg Frobenius ló pèsè ẹ̀rí tó kárí ní 1878. Frobenius yìí náà ló fi hàn pé, lórí nọ́ḿbà gidi, áljẹ́bírà mẹ́ta péré ló wà tí (AB)C àti A(BC) ti dọ́gba, tí pípín ti ṣeé ṣe láìsí ìdíwọ́, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì níye: nọ́ḿbà gidi fúnra wọn, àwọn tó ní i (gbòǹgbò −1) nínú, àti nọ́ḿbà ẹlẹ́ka mẹ́rin ti Hamilton.

Ní Amẹ́ríkà, Benjamin Peirce ti Harvard tẹ ẹ̀dà 100 ìwé rẹ̀ Linear Associative Algebra ní 1870, ó fẹ́ to gbogbo áljẹ́bírà kéékèèké lẹ́sẹẹsẹ. Ó kíyè sí irú ẹ̀dá méjì: èyí tó máa ń di òdo bí a bá ń fi lọ́ po ara rẹ̀, bí A tòkè yìí, àti èyí tí kì í yí padà bí a tilẹ̀ fi lọ́ po ara rẹ̀, bí AB. Irú kejì yìí máa ń pín áljẹ́bírà sí ọ̀nà mẹ́rin. Fún mátíríìsì onílà méjì, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìpín náà.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti já pọ̀ ni iṣẹ́ Joseph Wedderburn, ọmọ Skọ́tílándì, ní 1907. Theodor Molien àti Élie Cartan ti rí i ṣáájú fún nọ́ḿbà gidi àti àwọn tó ní i nínú. Wedderburn mú un kárí. Nínú ríìngì, ideal ni ìpín tí èsì kì í ti jáde: ohunkóhun tí a bá fi lọ́ po ọmọ inú rẹ̀, láti òsì tàbí láti ọ̀tún, inú rẹ̀ náà ni yóò bọ́ sí. Mátíríìsì kò ní irú ìpín bẹ́ẹ̀ àfi òdo àti odindi. Bí a bá mú ẹyọ kan tí kì í ṣe òdo, tí a ń lọ́ po rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, a ó yọ nọ́ḿbà kan jáde, a ó gbé e sí igun tó bá wù wá, a ó sì fi irú rẹ̀ kọ́ gbogbo ìyókù. Èyí ṣe kedere. Ohun tí Wedderburn fi kún un ni òdì-kejì rẹ̀: gbogbo áljẹ́bírà tí ẹ̀ka rẹ̀ níye, tí kò sì ní ideal mìíràn, mátíríìsì ni, tí a fi nọ́ḿbà tí pípín ti ṣeé ṣe kún igun rẹ̀. Áljẹ́bírà tí kò ní ideal tó ń di òdo bí a bá ń fi lọ́ po ara rẹ̀ sì jẹ́ irú wọn mélòó kan tí a kó jọ. Ọgọ́ta ọdún ni wọ́n fi ń wá ẹ̀dá tuntun kiri. Mátíríìsì ni wọ́n ń bá níbẹ̀.

Ní 1927 Emil Artin mú èyí kọjá áljẹ́bírà tí ẹ̀ka rẹ̀ níye. Ní Göttingen, Emmy Noether kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti wo iṣẹ́ tí mátíríìsì ń ṣe dípò nọ́ḿbà inú rẹ̀, ìwé rẹ̀ ti 1929 sì so ẹ̀kọ́ áljẹ́bírà pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yẹn. Ní 1933 ìjọba Nazi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé Júù ni. Ó lọ sí Bryn Mawr ní Amẹ́ríkà, ó sì kú ní 1935.

Göttingen náà ni Werner Heisenberg ti kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí átọ́ọ̀mù ní 1925, láìmọ̀ pé mátíríìsì ni òun ń lọ́ po. Max Born ló dá a mọ̀. Ìdọ́gba tí òun àti Pascual Jordan gbé jáde sọ pé, fún mátíríìsì P àti Q inú iṣẹ́ náà, PQ − QP jẹ́ ìlọ́po mátíríìsì 1 tí kì í ṣe òdo. Mátíríìsì tí ìlà rẹ̀ níye kò lè ṣe é: bí a bá ro nọ́ḿbà tó wà lórí ìdábùú AB pọ̀, èsì kan náà ni BA yóò mú wá, nítorí náà òdo ni ti AB − BA, nígbà tí ti mátíríìsì 1 jẹ́ iye ìlà rẹ̀. Ìyẹn ló fi di dandan kí ìlà tiwọn má lópin.

Jakob Levitzki, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Noether, àti Shimshon Amitsur fi hàn ní 1950 pé àìgbọràn mátíríìsì ní ààlà. Bí a bá mú mátíríìsì onílà méjì mẹ́rin, tí a lọ́ po wọn ní gbogbo ètò 24 tó ṣeé ṣe, tí a ro ìdajì, tí a sì yọ ìdajì bó ti yẹ, òdo ni yóò kù. Fún onílà n, ilọ́po méjì n ni iye mátíríìsì tí èyí ń gbà.

Ní 1969 Volker Strassen rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá: láti lọ́ po mátíríìsì onílà méjì, ìsọdipúpọ̀ 7 ti tó, kì í ṣe 8 tí òfin Gauss ń béèrè. Shmuel Winograd fi hàn ní 1971 pé kò lè dín sí 7. Fún onílà mẹ́ta, Julian Laderman dé 23 dípò 27 ní 1976. Iye tó kéré jù lọ kò tíì yé ẹnikẹ́ni.