Eérú Gandhi Àti Ọ̀rọ̀ Ibi Ìsinmi

Gbogbo wa la jẹ gbèsè ikú, kò sì sí ẹni tí kò ní san án. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ dá sílẹ̀ nígbà tí ara wa ṣì le: bí a bá kú tán, níbo ni kí wọ́n gbé wa sí?

Láyé àwọn baba ńlá wa, ìbéèrè yìí kò tilẹ̀ yọjú. Inú ilé tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sin ín sí, nínú yàrá rẹ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé bàbá kò lọ jìnnà. Bí ó bá kú sójú ogun, tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé, wọn á gé irun orí rẹ̀, wọn á gé èékánná rẹ̀, wọn á kó o wálé, wọn á sì sin ín bí ẹni ń sin odidi ènìyàn. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ní ká máa gbé òkú lọ sí itẹ́, àwọn àgbà kùn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá wọ́n gbà. Ará Èkó wá mọ Àtàn bó ti mọ ọjà. Bó ti wù kó rí, ilẹ̀ náà ni. Ènìyàn kan, ibojì kan. Ọmọ tó bá fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí.

Níbi tí wọ́n ti ń sun òkú, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn iná, ohun tó ṣẹ́ kù kò ju eérú àti ègé egungun tí ènìyàn kan lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé. Eérú kì í rà, kì í rùn, kì í kánjú. Ó ṣeé gbé sínú àpò, ó ṣeé tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ṣeé pín bí ẹni ń pín gàárì. Pípín tó ṣeé pín yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. N kò sì mọ ìtàn tó fi èyí hàn tó ìtàn eérú Mahatma Gandhi, tí wọ́n dáná sun òkú rẹ̀ ní 1948, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì ṣì ń da díẹ̀ nínú eérú rẹ̀ sínú òkun ní 2010. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e.

BÍ WỌ́N ṢE SUN ÚN

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 30 oṣù January, 1948, Gandhi ń lọ síbi àdúrà nínú ọgbà Birla House, ilé tó ń gbé ní Delhi. Ẹni ọdún 78 ni, ó sì fi ọwọ́ lé èjìká àwọn ọmọbìnrin méjì láti inú ẹbí rẹ̀. Ọkùnrin kan, Nathuram Godse, Híńdù bí tirẹ̀, jáde sí i lọ́nà, ó tẹrí ba bí ẹni ń kí àgbà, ó sì yìnbọn lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó kà sí i lọ́rùn ni pé ó ti ṣojú rere sí àwọn Mùsùlùmí àti Pakistan jù. Kò tí ì pé oṣù mẹ́fà nígbà náà tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì la ilẹ̀ náà sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń sá kiri.

Lord Mountbatten, òyìnbó tó jẹ́ gómìnà àgbà Íńdíà nígbà náà, dá a lábàá pé kí wọ́n fi oògùn tọ́jú òkú náà fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn ará ọ̀nà jíjìn lè wá fojú rí i. Pyarelal, akọ̀wé Gandhi, ní rárá o. Ó ní ọ̀gá òun ti sọ ọ́ fún òun gbangba pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́jú òkú òun pamọ́. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a pàdé.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ológun ni wọ́n fi gbé ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ ìjà sílẹ̀ la ìgboro Delhi kọjá. Ní Rajghat, létí odò Yamuna, wọ́n to igi olóòórùn dídùn jọ, Ramdas, ọmọkùnrin rẹ̀ kẹta, sì tanná ràn án. Harilal tó jẹ́ àkọ́bí kọ́ ló tanná. Ọjọ́ pẹ́ tí òun àti bàbá rẹ̀ ti yapa. Òkúta dúdú tí àwọn àlejò ń fi òdòdó sí ní Rajghat lónìí, ọ̀pọ̀ ló rò pé ibojì Gandhi ni. Kì í ṣe ibojì. Ibi tí iná ti jó ni.

Ohun tí àwọn Híńdù gbàgbọ́ ni pé ara kì í ṣe ènìyàn, ẹ̀wù ni. Ẹni tó bá ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, kí ó máa lọ, kí ohunkóhun má fà á sẹ́yìn. Nítorí náà, odò tó ń ṣàn ni wọ́n máa ń da eérú sí. Odò Ganga ni wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún jù, pàápàá níbi tí òun àti Yamuna ti pàdé ní ìlú Allahabad, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Prayagraj ní 2018. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé ìkòkò eérú náà láti Delhi lọ síbẹ̀. Kíláàsì kẹta ni wọ́n fi gbé e, nítorí kíláàsì kẹta ni Gandhi máa ń wọ̀ láyé rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù February, lójú èrò tó pọ̀ bí omi, wọ́n da á sódò.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, n kì bá má rí nǹkan kọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eérú ló wà nínú ìkòkò yẹn. Wọ́n ti bù ú sí ọ̀nà púpọ̀, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀ káàkiri Íńdíà kí oníkálukú dà á sí odò tirẹ̀. Díẹ̀ tilẹ̀ dé ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, sí Jinja ní Uganda, níbi tí odò Náílì ti jáde láti inú adágún Victoria. N kò bá ìjọba Nehru wí fún èyí. Ilé tó ń jó lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbìyànjú láti pa. Ẹni tó bá sunkún pọ̀ létí odò kan náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tètè gbé idà sí ara wọn.

ÀPÓTÍ INÚ BÁŃKÌ

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pín nǹkan sí ọ̀nà púpọ̀, ta ni yóò tẹ̀ lé ìpín kọ̀ọ̀kan dé ibi tó ń lọ? Àpótí igi kan lọ sí ìpínlẹ̀ Orissa. Kò dé odò. Inú ibi ìkówópamọ́ báńkì kan ní ìlú Cuttack ni wọ́n gbé e sí, níbi tí àwọn olówó ń tọ́jú wúrà sí, ó sì wà níbẹ̀ fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún. Àwọn akọ̀wé báńkì ń fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn ń gbaṣẹ́, bàbá Íńdíà wà nínú òkùnkùn. Nígbà tí Tushar Gandhi, ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀, gbọ́, ó gba ilé ẹjọ́ lọ kí ó tó rí i gbà. Ọjọ́ 30 oṣù January, 1997 ló da á sódò ní Allahabad.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, òmíràn tún yọjú. Ọ̀rẹ́ ìdílé kan ló ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ọmọ onítọ̀hún fi ránṣẹ́ sí Mani Bhavan, ilé ìrántí Gandhi ní Mumbai. Àwọn alábòójútó ibẹ̀ fẹ́ gbé e kalẹ̀ kí àwọn èrò máa wò ó. Àwọn ẹbí ní ó tì o, bàbá àwọn kì í ṣe ohun ìwòran. Ọ̀rọ̀ Pyarelal ọjọ́sí ló padà wá yìí. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù January, 2008, tí ikú bàbá pé ọgọ́ta ọdún gééré, wọ́n gbé e lọ sí etí òkun Mumbai. Ta ló dà á sínú omi? Nilamben Parikh ni, ọmọ-ọmọ Harilal. Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Harilal kò tanná ran bàbá rẹ̀, òun náà sì kú ní ọdún 1948 yẹn kan náà. Ọgọ́ta ọdún ló gbà kí ọwọ́ ilé Harilal tó kan ìsìnkú Gandhi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní 2010, ó tún di ọjọ́ 30 oṣù January, wọ́n da eérú mìíràn sínú òkun ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, ilẹ̀ tí Gandhi ti lo nǹkan bí ọdún mọ́kànlélógún, tó sì ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń kọjú ìjà sí ìyà láìgbé ohun ìjà. Ọ̀rẹ́ ìdílé kan ló tọ́jú èyí náà. Ela Gandhi, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé níbẹ̀, wà lára àwọn tó ṣe ètò náà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ló tíì dé omi. Díẹ̀ wà nínú àpótí òkúta ní California, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan tí ará Íńdíà dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Díẹ̀ wà ní ààfin Aga Khan ní ìlú Pune, níbi tí àwọn òyìnbó ti há òun àti ìyàwó rẹ̀ Kasturba mọ́, tí Kasturba sì kú sí ní 1944. Èyí tilẹ̀ yé mi, ó dà bí ọkọ tó lọ bá aya. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ìlú Rewa. Ní oṣù October, 2019, nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún àádọ́jọ ọdún tí wọ́n bí Gandhi, wọ́n lọ sun ọlọ́pàá pé àwọn kan ti jí eérú rẹ̀ gbé ní ilé ìrántí tó wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ sára àwòrán rẹ̀. Omi kì í jẹ́ kí olè jí nǹkan bẹ́ẹ̀.

ẸNI TÓ SỌ TIRẸ̀ SÍLẸ̀

Ohun ìyanu kan tún wà. Godse tó pa á, tí wọ́n yẹgi fún ní ọjọ́ 15 oṣù November, 1949, sọ kí ó tó kú pé kí wọ́n má da eérú òun sí odò kankan títí ọjọ́ tí odò Indus, tó ti bọ́ sí Pakistan, yóò tún máa ṣàn nínú Íńdíà kan ṣoṣo. Àwọn ẹbí rẹ̀ tọ́jú ìkòkò náà sí Pune. Ìbínú ló fi ṣe ibi ìsinmi, ó sì di ẹrù àwọn ẹbí rẹ̀.

Ẹ wá fi Nehru wé e. Ní 1954, ọdún mẹ́wàá kí ó tó kú, ó jókòó, ó kọ ìwé ìhágún rẹ̀. Ó ní kí wọ́n da ẹ̀kúnwọ́ kan nínú eérú òun sí Ganga ní Allahabad, kì í ṣe nítorí ẹ̀sìn, bí kò ṣe nítorí pé òun fẹ́ràn odò yẹn láti kékeré. Èyí tó kù, kí ọkọ̀ òfúrufú gbé e lọ sókè, kí wọ́n fọ́n ọn sórí oko tí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó tún fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́jú díẹ̀ pamọ́. Nígbà tó kú ní 1964, wọ́n ṣe ààtò ẹ̀sìn tí ó ní òun kò fẹ́, ṣùgbọ́n ní ti eérú, wọ́n tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dájú lójú mi pé Nehru ti rí bí wọ́n ṣe ṣe ti ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ lè máa sọ pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Íńdíà. Ó kàn wá o. Láti 2013 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti fàyè gba ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n sun òkú òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wa sì pọ̀ ní Britain, níbi tí ilé ìsun-òkú àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1885, tó sì jẹ́ pé lónìí, sísun ni wọ́n ń sun èyí tó pọ̀ jù nínú òkú wọn. Ojúlùmọ̀ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, kú sí London. Ìyàwó rẹ̀, òyìnbó, sun ún bó ṣe ní kí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò sọ ibi tí kí wọ́n gbé eérú sí. Obìnrin náà fi ránṣẹ́ sílé. Ìyá rẹ̀ wo ike náà, ó ní, "Ṣé inú èyí ni Àkànní mi wà?" Àwọn àbúrò bẹ̀rẹ̀ ariwo: ọ̀kan ní ká dà á sí ọ̀sà, ọ̀kan ní èèwọ̀ ni, kí ó má wọlé rárá. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí ló pa iná ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fọkàn balẹ̀. Láyé ogun, ṣebí irun àti èékánná làwọn bàbá wa ń sin? Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ jìn dáadáa." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe.

Àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ẹni tó bá ń tọ́jú eérú sórí pẹpẹ, ara rẹ̀ ló ń tọ́jú; n kò bú u, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ló gbé Gandhi sí báńkì. Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo èyí kò gùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí iná jó òun, kí ó sọ ibi tí eérú yóò sùn, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tó bá kù lẹ́yìn, ẹ má pín in ju bó ṣe ní kí ẹ pín in, ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ nílé. Odò ni o, oko ni o, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni o, ẹ gbé e lọ síbẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ ohùn rẹ̀ ṣì wà láyé.