Púùlù Oníyọ̀, Púùlù Chlorine: Ìtàn Kan Náà Ni

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́lé n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí: "Ìwọ tó o kàwé kọ̀ǹpútà, púùlù oníyọ̀ ni kí n ṣe ni, àbí ti chlorine? Wọ́n ní oníyọ̀ ò ní kẹ́míkà nínú."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, chlorine ló wà nínú méjèèjì."

Lọ́dún 1774, Carl Wilhelm Scheele, apoògùn kan ní Sweden, ṣe afẹ́fẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó fẹ́ máa pọ́n, tó sì ń ta síni nímú. Lọ́dún 1800, William Cruickshank gbé iná bátìrì gba inú omi iyọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn náà ló jáde. Lọ́dún 1810 ni Humphry Davy sọ ọ́ ní chlorine.

Lọ́dún 1908, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ John Leal da lúbúlúbú oní-chlorine sínú omi tí gbogbo Jersey City, l'Amẹ́ríkà, ń mu. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, kóòtù sì gbà pé omi náà dára. Àwọn ìlú míì tẹ̀ lé e, ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni chlorine ṣe wọ púùlù. Àmọ́ chlorine yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní Belgium, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin, 1915. Ìwọ̀n ló ya oògùn sọ́tọ̀ sí májèlé.

Púùlù oníyọ̀ wá ńkọ́? Ohun tí Cruickshank ṣe ni wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ kékeré. Australia wà lára ibi tó ti gbilẹ̀. Iyọ̀ inú lítà omi kan máa ń tó gíráàmù 3 sí 4. Ti òkun tó nǹkan bí 35. Omi á gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tí iná wà lára wọn, chlorine á jáde, á pa kòkòrò, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì tún padà di iyọ̀.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀gbọ́n ń yàn ni ibi tí chlorine wọn á ti máa wá. Tí wọ́n bá ń rà á, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò tó, wọn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kan ásíìdì, torí afẹ́fẹ́ olóró ló máa jáde. Tí wọ́n bá ń ṣe é nílé, ẹ̀rọ ọ̀hún wọ́n, irin inú rẹ̀ á gbó, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹni tó gbà pé kò sí chlorine nínú omi òun kò ní wọ̀n ọ́n. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ní kó má dín sí mílígíráàmù 1 nínú lítà kan. Tó bá dín, ọmọ tó bá gbé omi náà mì lè kó àrùn, ì báà jẹ́ oníyọ̀.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Tí wọ́n bá wá mú iná lọ fọ́jọ́ mẹ́ta ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀rọ ò ní ṣe chlorine kankan nìyẹn. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín gan-an nìyẹn."